Tẹ́ńpìlì Ńlá Ìlú Thanjavur àti Ẹ̀kọ́ Ara Ògiri Rẹ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò rí owó ọkọ̀ òfurufú dé Íńdíà, ṣùgbọ́n ìwé ni ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò jọ rìn lọ sí tẹ́ńpìlì kan tí ó ti lé ní 1,000 ọdún, tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ títí di òní olónìí. A kò lọ láti fi ẹ̀sìn kan wé òmíràn. Ohun kan ni a ń wá lọ: báwo ni ó ṣe jẹ́ pé a mọ orúkọ àwọn oníjó àti àwọn darandaran tí wọ́n gbé ayé ní ọdún 1010, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè dárúkọ ìyá tí ó bí ìyá-ìyá rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà lára ògiri.

Ibi tí tẹ́ńpìlì náà wà àti ẹni tí ó kọ́ ọ

Ìlú Thanjavur wà ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, níbi tí odò Kaveri ti ya sí ẹ̀ka púpọ̀ kí ó tó wọ òkun. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni, ìrẹsì sì ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ láti ayébáyé. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Tiruchirappalli yóò wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin, yóò sì rin nǹkan bí 60 kìlómítà kí ó tó dé ibẹ̀.

Ọba Rajaraja Kìíní, ti ìdílé ọba Chola, ni ó kọ́ tẹ́ńpìlì náà. Ó gorí oyè ní ọdún 985, iṣẹ́ náà sì parí ní 1010. Òrìṣà Shiva ni ó kọ́ ọ fún, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é: Rajarajesvaram. Brihadisvara, orúkọ tí a ń rí nínú ìwé lónìí, ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó dé. Ní ẹnu àwọn ará ìlú, Periya Kovil ni, ìyẹn Tẹ́ńpìlì Ńlá. Ní ọdún 1987, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé.

Bí a ṣe ń wọlé

Ẹ bọ́ bàtà yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ń wọ bàtà wọ inú ọgbà tẹ́ńpìlì, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe tálákà. Ẹ má sì lọ ní ọ̀sán gangan, nítorí pé oòrùn a máa mú kí òkúta ilẹ̀ gbóná bí àgbá dídín gàrí. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù, nígbà tí àwọn ìdílé máa ń jókòó sínú ọgbà, tí àwọn ọmọdé ń sáré kiri.

Ẹnu ọ̀nà méjì tí ó ga, tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, ni Rajaraja kọ́. Èyí tí ó wà níta ń jẹ́ Keralantakan, oyè tí ọba náà ń jẹ́ nítorí pé ó ṣẹ́gun ọba ilẹ̀ Kerala. Bí a bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà kejì, a óò rí ère akọ màlúù kan tí ó dùbúlẹ̀, tí ó kọjú sí ojúbọ. Nandi ni orúkọ rẹ̀, òun ni ẹran tí Shiva ń gùn. Òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, gíga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4. Èyí tí a ń rí lónìí kì í ṣe ti ìgbà Rajaraja. Àwọn ọba Nayak tí wọ́n jẹ ní Thanjavur ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

Lẹ́yìn màlúù náà ni ilé gíga tí ó bo ojúbọ wà. Ó lé ní 60 mítà, àjà 13 ni ó ní, ó sì ń tín-ín-rín bí ó ṣe ń lọ sókè. Akọ òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ odò tí kò ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni Thanjavur wà. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wọ́ gbogbo rẹ̀ wá. Àwọn olùjọ́sìn máa ń yí ojúbọ náà po, tí wọn yóò jẹ́ kí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà gba ọ̀nà yẹn, kí a sì máa wo ìsàlẹ̀ ògiri bí a ti ń lọ.

Ohun tí amọ̀nà ń sọ

Kí a tó ka ògiri, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹnu àwọn amọ̀nà. Wọ́n á ní òjìji ilé gíga náà kì í kan ilẹ̀ ní ọ̀sán. Wọ́n á ní òkúta tí ó wà lórí ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ òkúta kan ṣoṣo tí ó wúwo tó 80 tọ́ọ̀nù. Ìtàn dídùn ni. Ṣùgbọ́n òjìji ilé náà ń kan ilẹ̀ bí òjìji ilé gbogbo, àwọn onímọ̀ tí wọ́n sì wọn ilé náà rí i pé òkúta púpọ̀ ni a tò pọ̀ di orí ṣóńṣó yẹn.

Èyí tí ó tún ya ni lẹ́nu jù ni pé, nígbà kan rí, orúkọ ẹni tí ó kọ́ tẹ́ńpìlì náà ti bọ́ sọnù lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu gbé e fún ọba mìíràn tí ó ti wà ṣáájú. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni E. Hultzsch, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ìjọba fi ṣe olùka àkọlé àtijọ́, ka ohun tí wọ́n fín sí ara òkúta, tí ó sì fi hàn pé Rajaraja ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ ni ìdáhùn náà ti wà lára ògiri, tí àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò níye lórí. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, àwa tí a ní oríkì? Ohun tí mo ń sọ ni pé bí àwọn tí ń sọ ọ́ bá kú tán, tàbí tí wọ́n tú ká, ọ̀rọ̀ ẹnu lè ṣìnà. Nígbà náà ni ohun tí a kọ sílẹ̀ yóò wúlò.

Ohun tí ògiri ń sọ

Ní ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n tí Rajaraja wà lórí oyè, ó pàṣẹ pé kí wọ́n fín ohun tí òun fún tẹ́ńpìlì sí ara òkúta, pẹ̀lú ohun tí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fún un, ohun tí àwọn ayaba fún un, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn fún un. Kundavai ni orúkọ ẹ̀gbọ́n náà, orúkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé ti ọba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ tí ọba fa ìkòkò bàbà tí wọ́n fi wúrà bò kalẹ̀ fún orí ṣóńṣó: ọjọ́ 275 nínú ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìjọba rẹ̀. Wọ́n kọ ìwọ̀n wúrà, wọ́n sì dárúkọ òkúta ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, Adavallan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọba nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin oníjó 400 ni wọ́n kó wá láti àwọn tẹ́ńpìlì káàkiri ilẹ̀ Chola. Wọ́n kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ tẹ́ńpìlì tí oníkálukú ti wá, wọ́n sì kọ àdúgbò àti ilé tí ó ń gbé: ilé kìíní, ilé kejì, títí lọ. Ìrẹsì tí ó tó òṣùwọ̀n 100 ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Bí ọ̀kan bá kú, ìbátan rẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù ni yóò gba ipò rẹ̀, bí ó bá mọ iṣẹ́ náà. Àwọn akọrin 48 wà, pẹ̀lú àwọn onílù 2 tí ń lu ìlù fún wọn. Akọ̀wé owó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni amọ̀kòkò, alágbàfọ̀, onígbàjámọ̀, aránṣọ, gbẹ́nàgbẹ́nà àti alágbẹ̀dẹ wúrà. A tilẹ̀ rí orúkọ olórí àwọn ọ̀mọ̀lé, Kunjaramallan.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò iná fìtílà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí fìtílà kan máa jó títí láé ní tẹ́ńpìlì yóò fi abo àgùntàn 96 sílẹ̀, tàbí abo màlúù 48, tàbí abo ẹfọ̀n ilé 16. Wọn yóò fà wọ́n lé darandaran kan lọ́wọ́. Òun ni yóò máa mú ìwọ̀n òróró wàrà kan wá lójoojúmọ́ fún fìtílà náà. Orúkọ darandaran náà wà lára ògiri.

Owó náà kò sùn. Tẹ́ńpìlì ń yá àwọn abúlé lówó, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ́dún. Èlé yìí ni wọ́n fi ń ra ohun tí ojúbọ ń lò. Nítorí náà, bí a bá pe ògiri yìí ní ìwé ìṣirò owó, a kò purọ́. Ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ síta gbangba ni kí ẹnikẹ́ni má lè jẹ gbèsè kí ó sì sẹ́.

Ohun tí ògiri kò sọ

Akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́ kì í gba gbogbo ohun tí ó kà mì bí ẹni gbé ọ̀kẹ̀lẹ̀. Ọba ni ó pàṣẹ kíkọ, ohun tí ó sì yẹ ọba ni ó wà níbẹ̀. Ògiri kan náà fi yangàn pé nínú ẹrù tí ọba kó lójú ogun, lọ́dọ̀ ọba Chera àti àwọn ọba Pandya, ni díẹ̀ nínú ọrọ̀ náà ti wá. Àwọn abúlé kan ní erékùṣù Sri Lanka, tí àwọn Chola ti ṣẹ́gun, wà lára àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún tẹ́ńpìlì. Ohun tí àwọn ará abúlé náà sọ nígbà tí wọ́n ń san án kò sí níbẹ̀. Orúkọ àwọn obìnrin 400 wà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ bóyá ó wù wọ́n láti fi ìlú wọn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n la òkúta, tí wọ́n sì wọ́ ọ dé ibẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ ni ìtàn ń rántí. Ẹni tí a fò dá ni ìtàn ń gbàgbé.

Èdè ara ògiri

Èdè Tamil, èdè tí darandaran àti amọ̀kòkò ń sọ nílé, ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkọlé wọ̀nyí. Ní ọdún 1803, nígbà tí ọba Serfoji Kejì, ọmọ ìdílé Maratha, wà ní Thanjavur, ó fín ìtàn ìdílé tirẹ̀ sí ara ògiri náà ní èdè Marathi. Olúkúlùkù fi èdè ara rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ètò ìyàsímímọ́ tẹ́ńpìlì náà lẹ́yìn ọdún 23, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: ṣé Sanskrit nìkan ni àwọn àwòrò yóò fi ṣe é ni, àbí Tamil? Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga ti Madras. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo èdè méjèèjì. Ní oṣù kejì ọdún náà, wọ́n gbọ́ Tamil àti Sanskrit papọ̀ níbi ètò náà.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni èyí kan àwa tí a wà ní kámpọ́ọ̀sì yìí, níbi tí èdè wa kì í ti í ṣe èdè ìlú? Ẹ mú ìwé ètò ọjọ́ àṣà kankan. Ẹ óò rí orúkọ alága, ti baba ìsàlẹ̀, ti olówó tí ó dá owó. Ṣé ẹ rí orúkọ onílù? Ṣé ẹ rí orúkọ àwọn tí wọ́n jí ní aago mẹ́rin láti gún iyán? Ọba tí ó ní gbogbo agbára ilẹ̀ Chola rí àyè fún orúkọ alágbàfọ̀ lára ògiri rẹ̀. Ìwé pélébé wa kò sì rí àyè fún onílù.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé ńlá kan, kí a máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹni tí yóò kà á lọ́la má baà ṣì í pè. Bí a bá sì lọ sílé fún ìsinmi, kí a jókòó ti ìyá àgbà, kí a bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀ àti orúkọ ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. A kò nílò akọ òkúta fún un. Ìwé àti gègé tó.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí wọ́n fi fín ìṣirò owó tẹ́ńpìlì sí ìta gbangba dípò kí wọ́n fi pamọ́?
2. Dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rin tí ògiri Thanjavur mẹ́nu bà.
3. Fi ìwúlò oríkì wé ìwúlò àkọlé ara òkúta. Níbo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lágbára, níbo ni ó sì kù sí?
4. Ta ni àwọn tí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa ti fò dá? Kọ orúkọ márùn-ún.