Ẹ̀KỌ́: HESEKÁYÀ ÀTI ÀWỌN ÀLEJÒ BÁBÍLÓNÌ
Ibi kíkà: II Àwọn Ọba 20:12–18

Ẹ̀yin ará, àwọn ará Bábílónì kò mú idà wá. Wọ́n gbọ́ pé ọba ṣàìsàn, wọ́n sì mú ìwé àti ọrẹ wá kí i. Inú rẹ̀ dùn, ó sì fi gbogbo ilé ìṣúra rẹ̀ hàn wọ́n. Ìgbà tí wọ́n ti lọ tán ni Aísáyà tó wá bi í ohun tí wọ́n wí, ibi tí wọ́n ti wá, àti ohun tí wọ́n rí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń fi ara wọn, ọjà wọn àti ibi tí wọ́n ń lọ hàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí Facebook àti Instagram. A kò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn mìíràn ń ti ibẹ̀ rí owó ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ogunlọ́gọ̀ mọ̀ kò lè mọ gbogbo wọn.

Ẹ rántí Cynthia Osokogu, tí ó ń kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Násáráwá ní Kẹ́fí, nítòsí wa níhìn-ín, tí ó sì ń ta aṣọ. Àwọn ọkùnrin kan bá a dọ́rẹ̀ẹ́ lórí Facebook. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ó lọ sí Èkó láti ra ọjà. Wọ́n mú un lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Fẹ́sítáàkì, wọ́n jà á lólè, wọ́n sì pa á. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dá ikú fún méjì nínú wọn. Àwọn kan ń wí pé òun ló fà á. Àwa kò gbà. Hesekáyà mọ ìlú tí àlejò rẹ̀ ti wá; irọ́ ni wọ́n pa fún ọmọbìnrin yìí.

Nílé, bí àjèjì bá ń wo ọmọ ẹni, ẹbí a tètè wádìí rẹ̀. Ní Àbújá, ta ni yóò wádìí?

Bí ẹnìkan bá ń ṣọ́ ọmọ yín kiri, Òfin VAPP ti ọdún 2015, tí ó múlẹ̀ níhìn-ín, kà á sí ọ̀ràn: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí ìtanràn tí kò ju ₦500,000 lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú mú un pa ọ̀rọ̀ tí ẹni náà fi ránṣẹ́ rẹ́, ẹ̀rí ni. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ NAPTIP tàbí ọlọ́pàá.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́: Nínú ìjọ wa, ta ni ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń dá gbé ní Kúbwà lè pè ní aago mọ́kànlá òru?