Mímú Ìhìn Rere Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Adití

Bíbélì Kíkà: Máàkù 7:31–37, Lúùkù 1:57–64

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Kristi, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí Jésù ṣe kí etí adití náà tó là. Ó mú un kúrò láàárín èrò, ó fi ìka bọ etí rẹ̀, ó fi itọ́ kan ahọ́n rẹ̀, ó gbójú sókè ọ̀run. Ọkùnrin náà kò gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ó rí gbogbo èyí, ó sì mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ọwọ́ bi Sakaráyà ní orúkọ tí yóò sọ ọmọ rẹ̀, òun sì kọ èsì sórí wàláà.

Púpọ̀ nínú wa kì í ṣe ju àdúrà ìwòsàn lọ fún adití. Àdúrà dára. Bí etí kò bá là lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ṣé kí ó kàn máa wo ẹnu wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni?

Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1925, mọ ìṣòro yìí, nítorí àìsàn sọ òun náà di adití ní ọmọ ọdún 11. Ní 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ní 1957 ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra. Ní 1960 ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn tí ó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30 kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní 1987. Ọwọ́ ni ó fi ń kọ́ wọn ní ìwé àti Bíbélì, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi dandan lé e pé kí ọmọ adití máa wo ètè, kí ó sì máa fi ẹnu sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní ìyá ni í gbọ́ èdè ọmọ rẹ̀ tó yadi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè náà kì í sábà kọjá wá jẹun, lọ wẹ̀, má ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì wo ni ìyá yóò fi ṣàlàyé ìdáríjì? Báwo ni yóò ṣe sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ̀ tí wọ́n sin lánàá kò ní padà sílé mọ́, síbẹ̀ ìrètí wà? Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ lè sọ gbogbo èyí. Èdè gidi ni, ó ní ìlànà tirẹ̀. (Ẹ jọ̀wọ́, kí a yé pe adití ní odi. Ọ̀pọ̀ wọn ní ohùn, a kò sì gbọdọ̀ fi ohùn náà rẹ́rìn-ín.)

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò di ògbufọ̀. Kí obìnrin méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ lọ kọ́ èdè náà lọ́wọ́ adití fúnra rẹ̀. Kí àwọn adití jókòó níwájú, kí ògbufọ̀ dúró nínú ìmọ́lẹ̀ nítòsí oníwàásù. Bí iná bá sì lọ nígbà ìṣọ́ òru, kí ẹnìkan yára tan àtùpà sí ọwọ́ ògbufọ̀ náà. Láìsí ìyẹn, ìwàásù ti parí fún wọn.

Fún ìjíròrò: Ta ni ó mú adití inú Máàkù wá sọ́dọ̀ Jésù? Adití mélòó ni a mọ orúkọ wọn ní àdúgbò ìjọ wa?