"Ṣé Wọ́n Fẹ́ Gba Ọkọ̀ Mi Ni?": Ohun tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Bọ́ọ̀sì Akẹ́rù tí Wọ́n Pè Padà

Lóṣù tó kọjá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ra bọ́ọ̀sì akẹ́rù tokunbo kan, irú èyí tí kò ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì kiri. Wọ́n ní kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà sórí fóònù, mo sì rí i pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti ní kí wọ́n gbé e wá fún àtúnṣe nígbà tó ṣì wà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe ọ̀hún, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé e lọ. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé wọ́n ti pe ọkọ̀ yín padà, ojú wọn yí padà. "Ṣé wọ́n fẹ́ wá gbà á lọ́wọ́ mi ni?"

Rárá o. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba nǹkan kan. (Mi ò ní dárúkọ irú ọkọ̀ náà, kì í ṣe òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.) Ohun tí wọ́n ń pè ní recall ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, tàbí ìjọba, ti rí àbùkù kan tó lè pa èèyàn tàbí ṣe é léṣe, àbùkù ọ̀hún sì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú kan náà. Ilé iṣẹ́ náà á wá kọ̀wé sí àwọn tó ni ọkọ̀ pé kí wọ́n gbé e wá, àwọn á tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ìyẹn nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ibẹ̀ dùn gbọ́, torí àwọn dírébà lásán náà lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀sì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní gbangba kọ́ ẹ̀kọ́.

Rọ́bà kan láàárín irin méjì

Ní oṣù June ọdún 2017, Ford pe bọ́ọ̀sì Transit tó lé ní 400,000 padà ní Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ọdún 2015 sí 2017 ni, láti ilé iṣẹ́ wọn tó wà ní Kansas City. Ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí ò ju rọ́bà kan lọ.

Iwájú ni ẹ́ńjìnnì Transit yìí wà, táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti ọkọ̀ lọ. Agbára gbọ́dọ̀ ti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin gígùn kan tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ ló ń gbé e, èyí táwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní pùròpẹ́là. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì máa ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì máa ń lọ sókè sódò tó bá kó sí kòtò, nítorí náà gíábọ́ọ̀sì àti pùròpẹ́là kì í fìgbà gbogbo wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Tí irin bá de irin pa, gbogbo ọkọ̀ ni á máa gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi rọ́bà sáàárín wọn. Ó rí roboto, ó nípọn, wọ́n sì fi okùn tó le sínú rẹ̀ kó má bàa tètè ya. Bóòtù gba ojú rẹ̀ kọjá yíká: ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ gíábọ́ọ̀sì, èyí tó tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ pùròpẹ́là, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi yí po. Irin méjèèjì ò di ara wọn mú. Rọ́bà yìí ló so wọ́n pọ̀.

Tí pùròpẹ́là bá wá dagun díẹ̀ sí gíábọ́ọ̀sì, ní gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, apá kan rọ́bà á nà, á sì tún sún kì. Ìyẹn ò dà bí nǹkan, àbí? Ó dáa, ẹ mú bírò.

Ohun tí Ford kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n máa pààrọ̀ rọ́bà náà ní gbogbo 30,000 máìlì, títí àwọn á fi rí àtúnṣe tó máa parí ọ̀rọ̀ náà. 30,000 máìlì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 48,300. Táyà irú ọkọ̀ yìí máa ń gba nǹkan bíi mítà 2.2 ilẹ̀ tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá pín in, táyà á ti yí ní ìgbà mílíọ̀nù 22. Ṣùgbọ́n jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn máa ń jẹ́ kí pùròpẹ́là yí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká pè é ní mẹ́ta àbọ̀. Ó ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 77. Ìgbà mílíọ̀nù 77 ni rọ́bà kan nà tó sì sún kì kí wọ́n tó yọ ọ́!

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní orúkọ fún ohun tó ń ṣe é: wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ mú wáyà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní kán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn nígbà ogún, ó kán, bẹ́ẹ̀ agbára tí ẹ lò níkẹyìn ò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilà tín-ín-tín kan á kọ́kọ́ yọ níbi tó rọ̀ jù, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tẹ̀ ló ń jìn sí i. Ti rọ́bà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bó ṣe ń nà tó ń sún kì ló ń gbóná láti inú wá, ooru sì máa ń ba rọ́bà jẹ́. Bí igun tó wà láàárín irin méjèèjì bá ṣe tóbi tó ni rọ́bà ṣe ń jìyà tó.

Tó bá wá já ńkọ́?

Tó bá já lórí eré, ẹ ó máa tẹ epo, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn yín, ìyẹn nìkan ti tó ewu. Orí pùròpẹ́là tó já sílẹ̀ tún lè máa fì kiri lábẹ́ ọkọ̀ kó sì gé páìpù epo tàbí ti búréèkì.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ dírébà gbà pé tí àwọn bá ti fi ọkọ̀ ọtọmátíìkì sí P, ó parí. Ẹ wo bí P ṣe ń ṣiṣẹ́. Eyín irin kékeré kan wà nínú gíábọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá fi í sí P, eyín yẹn á há sínú jíà, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀pá tó jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì yí. Tí ọ̀pá yẹn ò bá yí, pùròpẹ́là ò lè yí, táyà ẹ̀yìn ò lè yí. Ṣùgbọ́n inú rọ́bà yẹn náà ni gbogbo ìdè yìí gbà kọjá. Tí rọ́bà bá ti já, P di gíábọ́ọ̀sì mú dáadáa, gíábọ́ọ̀sì ò sì di táyà mú mọ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bọ́ọ̀sì tó kún fún ẹrù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ fúnra rẹ̀. Búréèkì ọwọ́ nìkan ló lè dá a dúró, torí òun ò gba ọ̀nà pùròpẹ́là, ara táyà gan-an ló ti ń di nǹkan mú. Ìwé recall náà sọ ọ́ ní tààràtà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ kì í fa búréèkì ọwọ́, ẹ ti gbọ́.

Nígbà tí Ford ń kéde, wọ́n ní àwọn ò tíì gbọ́ pé ìjàm̀bá kankan ti ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìyẹn wù mí. Wọn ò dúró dìgbà tí òkú bá sùn.

Ẹ̀sùn tó wúlò àti ẹ̀sùn tí kò dé ibì kan

Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí ni NHTSA. Òfin ọdún 1966 ni wọ́n dúró lé, wọ́n sì dá àjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1970. Ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń ṣe wéréwéré lè kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ lè lọ kà á. Ẹ̀sùn ẹnì kan lè má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń kó páálí ní ìlú kan bá kọ pé bọ́ọ̀sì òun ń gbọ̀n lábẹ́, tí oníṣẹ́ iná ní ìlú mìíràn kọ pé òun ń gbọ́ gbì gbì gbì tóun bá ń kúrò lójú kan, tí ọdún ọkọ̀ wọn sì jọra, ẹni tó ń kà á á bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lè dá rí.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn ló lè di recall o. Tí AC yín ò bá tutù, ẹ pẹ̀lẹ́, kò kàn wọ́n. Rédíò tí kò sọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Kò kàn wọ́n. Kódà ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì àmujù kì í sábà wọ ibẹ̀. Àbùkù tó lè fa ìjàm̀bá ni wọ́n ń wá. Àwọn ohun tó yẹ kó jẹ tán, tó sì yẹ kí ẹni tó ni ọkọ̀ máa yẹ̀ wò, bíi pádì búréèkì àti bátìrì, kò sí lára rẹ̀.

Ẹnì kan lè wá sọ pé: ṣé rọ́bà kì í ṣe ohun tó ń jẹ tán ni? Ìbéèrè tó dáa ni. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé pádì búréèkì máa ń han kó tó tán, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé á tán. Kò sẹ́ni tó ń ra bọ́ọ̀sì tuntun tó ń retí pé ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà lè já kí ọkọ̀ tó pé ọdún mẹ́ta.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ẹ̀sùn tó máa wúlò, "ọkọ̀ yìí ò dáa" ò tó. Ẹ sọ nọ́ńbà ọkọ̀, máìlì tó ti rìn, eré tí ẹ wà lórí rẹ̀, ìró tí ẹ gbọ́ àti ibi tó ti ń dún, àti ohun tí mẹkáníìkì bá níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, FCCPC lẹ lè kọ ọ́ sí. Òfin ọdún 2018 tó dá wọn sílẹ̀ fún wọn lágbára lórí ọjà tó léwu.

Níbi tí ìwé náà ti sọnù

Tí ilé iṣẹ́ bá ti gbà pé àbùkù wà, òfin Amẹ́ríkà fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti sọ fún NHTSA, kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn tó ni ọkọ̀ láàárín 60 ọjọ́. Ọdún 15 ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ náà.

Àdírẹ́sì ta ni ìwé yẹn ń lọ? Ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Ẹni yẹn lè ti tà á. Kò sì sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó sọ pé ẹni tó ń ta ọkọ̀ àlòkù gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe yẹn kó tó tà á. Ọkọ̀ á wọ inú ọkọ̀ òkun, á gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Kutọnu, ìwé á sì wà nínú àpótí lẹ́tà ẹlòmíì ní Texas.

Ó lè burú ju ti rọ́bà lọ. Àpò afẹ́fẹ́ Takata, tí àwọn kan nínú bọ́ọ̀sì Sprinter ní, lo ammonium nitrate láti fi fẹ àpò náà. Ooru àti ọ̀rinrin ọdún púpọ̀ máa ń ba kẹ́míkà yẹn jẹ́, tó bá wá bú, irin rẹ̀ á fọ́ sí dírébà lára. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà. Ooru àti ọ̀rinrin: ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tí méjèèjì pọ̀ sí.

Torí náà, fúnra yín lẹ máa wá a. Nọ́ńbà VIN ní lẹ́tà àti òǹkà 17. Ẹ lè rí i lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lápá dírébà, tí ẹ bá wò ó láti ìta gba gíláàsì iwájú, tàbí lára òpó ilẹ̀kùn dírébà. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá jọ O níbẹ̀, òdo ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls tó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtéènì, gov.uk ní tirẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ lè má rí ẹni tó máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n ìwé náà á sọ ohun tó bàjẹ́, ibi tó wà, àti àmì tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ ọ́n. Ìyẹn nìkan tó iṣẹ́ fún mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Ti Transit, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí rọ́bà yẹn kó wò ó bóyá ó ti ń sán níbi tí bóòtù gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kó fi nǹkan dí táyà kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra ohun tí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ní Ládípọ̀, wọ́n sì ti fi sí i. Lánàá, wọ́n fi fọ́tò VIN mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ń kó búrẹ́dì. Méjì ò hàn rárá, ìdọ̀tí bò ó. Mo ti ní kí wọ́n nu gíláàsì kí wọ́n tún un yà.