Àbúrò Mi, Omi Ìwẹ̀ Kò Ní Láti Hó

Àbúrò mi, ọyẹ́ ti tún dé, ó yẹ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ owó tó ń bá omi gbígbóná lọ. Ìwọ náà mọ bí Atakpamé ṣe máa ń rí láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ìlú orí òkè ni tiwa, òtútù àárọ̀ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Lomé. Ọmọ kò lè fi omi tútù wẹ̀ lọ sílé ìwé, ìyá àgbà kò ní fọwọ́ kan omi àmù, bí abiyamọ bá sì wà nílé, ìkòkò àgbo kì í kúrò lórí iná. Kó o tó mọ̀, àpò èédú tó yẹ kó jẹ oṣù kan ti tán.

Wo bókéètì tí ò ń gbé lọ sí balùwẹ̀. Ká ní lítà 10 omi ló wà nínú rẹ̀, tí omi àmù sì wà ní ìwọ̀n 25 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bó bá ti dé 40, ó ti tó ara í wẹ̀. Tó o bá wá gbé gbogbo lítà 10 náà kaná títí tó fi hó, ìlọ́po márùn-ún ooru tí ìwẹ̀ yẹn ń fẹ́ lo ti rà. Lítà 2 péré ni kó o sè kó hó, kó o fi lítà 8 omi tútù là á. 40 náà ni yóò bá ọ, pẹ̀lú ìkòkò kékeré àti èédú díẹ̀. Omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ bókéètì o, kó tó kan gbígbóná, torí ọmọ kékeré kì í dúró kí wọ́n fọwọ́ tọ́ omi wò kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Jọ̀ọ́, máa dé ìkòkò. Lítà omi kan ṣoṣo tó bá hó gbẹ dànù, ooru tó bá a lọ tó láti se lítà 7 omi àmù títí yóò fi hó.

Ti abiyamọ ló ń jẹ èédú jù. Mi ò ní kó o bá àwọn ìyá wa jiyàn lórí àgbo. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí iná fi ní láti wà lábẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Sè é dáadáa láàárọ̀, dé e pinpin, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tó o ti tẹ́ àkísà sí nídìí, kó o wá fi ògbólógbòó ìró àti bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e yíká. Tó o bá ṣí i lọ́sàn-án, yóò ṣì gbóná débi tí wàá fi bomi là á. Kí abiyamọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ tọ́ ọ wò kí ẹnikẹ́ni tó fi aṣọ inura tẹ̀ ẹ́ níkùn, torí omi gbígbóná ti bó ọ̀pọ̀ ìyá ìkókó lára.

Oòrùn ńkọ́? Wá bídọ̀ǹ òróró tó ti ṣófo, fọ̀ ọ́, kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú, pọn omi kún un, kó o sì tẹ́ ẹ sórí páànù níbi tí òjìji kò dé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ní aago mẹ́rin, kí oòrùn tó rọ̀, gbé e wọlé, fi aṣọ wé e. Omi ìwẹ̀ alẹ́ àwọn ọmọ nìyẹn, láìná kọ́bọ̀. Omi mímu kọ́ o.

Ní ti iná mànàmáná, ìsédò Nangbéto lórí odò Mono kò jìnnà sí wa, láti 1987 sì ni Tógò àti Benin ti jọ ń rí iná níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú ilé, kò sí ohun tó ń jẹ owó iná bí ohun tó ń gbóná. Irin tí wọ́n ń tì bọ omi, tó bá jẹ́ wáàtì 1,000, ohun tó ń jẹ ní ààbọ̀ wákàtí tó gílóòbù wáàtì 10 tàn fún wákàtí 50. Tó o bá gbọ́dọ̀ lò ó, yọ ọ́ lára iná kó o tó fọwọ́ kan omi.

Bí owó bá wà, pààrọ̀ àdògán onírin lásán sí èyí tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ nínú, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní foyer amélioré. Amọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ooru máa tú sí ẹsẹ̀ ẹni. Bó o bá sì sọ ọbẹ̀ alẹ́ kalẹ̀, má pa ẹ̀yinná. Gbé omi lé e, dé e, kó o rọ ọ́ sínú fláàsì kó o tó sùn.

Ohun kan ni mo fi bẹ̀ ọ́: bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó, má ṣe gbé àdògán èédú wọ yàrá tí ẹ ń sùn. Gáàsì rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní èéfín, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ìta ni kó o fi í sí.