Aláǹtakùn Kì Í Ta Ènìyàn

Orúkọ aláǹtakùn ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń ta okùn. Ọ̀rọ̀ ìṣe inú orúkọ yìí kan náà ló ń da àwọn tó ń kọ ìròyìn ìlera àti sáyẹ́ǹsì láàmú, nítorí Yorùbá ní ta mìíràn tó jẹ́ ti àkéekèe, oyin àti agbọ́n. Àkéekèe a máa fi ìrù ta ènìyàn, oyin a máa fi ìdí ta á. Okùn ló ń ti ìdí aláǹtakùn jáde ní tirẹ̀. Eyín méjì tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló fi ń gbé oró wọ ara ohun tó bá mú, nítorí náà, ṣe ló ń géni jẹ. "Aláǹtakùn ta ọmọ náà" kò tọ̀nà. "Aláǹtakùn gé ọmọ náà jẹ" ni kí wọ́n kọ. Ejò ń ṣánni, ẹ̀fọn ń jẹni. Òwe tó ní bí aláǹtakùn yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára, kò tako èyí: okùn ló ń ta ká ẹni tó ń bá jà.

Ohun tó wà nínú eyín aláǹtakùn, oró ni, kì í ṣe májèlé. Ọ̀fun ni májèlé ń gbà: wọ́n fi sínú oúnjẹ, ẹnì kan jẹ ẹ́. Ojú ibi tí wọ́n gé jẹ, tí wọ́n ṣán tàbí tí wọ́n ta ni oró ń gbà wọlé. Ìyàtọ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, torí oró gan-an ni àwọn olùwádìí ń wá kiri. Aláǹtakùn ńlá onírun kan wà tó ń gbé orí igi ní Tógò àti Gánà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Heteroscodra maculata. Lọ́dún 2016, David Julius ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Francisco, Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kéde èròjà méjì tí wọ́n rí nínú oró rẹ̀. Wọ́n gún eku lábẹ́rẹ́ èròjà náà. Ó ṣí ẹnu ọ̀nà kan lára iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro eku. Julius yìí wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021, ata ló sì là á lójú: ó wádìí ohun tó ń mú kí ata ta ènìyàn lẹ́nu. Ta kẹta nìyẹn, tí kò nílò ìrù, tí kò nílò okùn.

Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà lo ọ̀kan nínú èròjà náà, Hm1a, fún àwọn eku tó ní irú wárápá líle kan tó ń bá ọmọdé jà. Gìrì dín kù lára wọn, èyí tó ń kú sì dín kù. Eku ni o. Kò tíì di oògùn ènìyàn. Wárápá ni àìsàn náà, gìrì ni ohun tó ń gbé aláìsàn ṣánlẹ̀, kò sì yẹ kí òǹkọ̀wé fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ọ̀rọ̀ iṣan náà gba ìṣọ́ra. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Ohun tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan ni. Èyí tó ń gbé ìmọ̀lára kiri, iṣan náà ni. Kí wọ́n máa sọ iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ okùn gan-an ló díjú jù. Fọ́nrán ni ẹyọ kan. Ilé tàbí àwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, àwọn apẹja kò sì ní jiyàn pé àwọ̀n ni, nítorí ohun kan náà ni wọ́n ń fi tiwọn ṣe. Súrà 29 nínú Kùránì, tí aláǹtakùn fún lórúkọ, ní ilé rẹ̀ ló ṣe aláìlágbára jù nínú ilé. Ìwádìí kò tako èyí: fọ́nrán ni wọ́n ń yìn, kì í ṣe ilé. Ní Hannover ní Jámánì, lọ́dún 2011, àwọn oníṣègùn fi fọ́nrán aláǹtakùn di àlàfo 6 sẹ̀ǹtímítà nínú iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ àgùntàn, iṣan náà sì hù kọjá.

Bí ilé náà bá gbó, tí eruku bò ó lókè àjà, jàǹkárìwọ̀ ló dà. Ohun tí gbogbo ilé ń fi ìgbálẹ̀ gbá dànù yìí ni Agbaje Lateef àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ladoke Akintola, Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, lò nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Wọ́n po omi tí wọ́n fà jáde lára jàǹkárìwọ̀ mọ́ èròjà fàdákà, fàdákà náà di hóró tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí. Ó pa bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́. Nígbà tí wọ́n sì pò ó mọ́ ọ̀dà ilé, kò jẹ́ kí bakitéríà àti ohun tó ń mú nǹkan bu rí àyè hù.

Kòkòrò àìfojúrí ni ìwé ìròyìn sábà máa ń pe bakitéríà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, kòkòrò náà ni aláǹtakùn, torí Yorùbá kò ka ẹsẹ̀ kó tó pe nǹkan ní kòkòrò. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ṣá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ìbátan àkéekèe àti eégbọn, kì í ṣe ti eéṣú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Bí ìròyìn iṣẹ́ Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ bá ní ohun tí kòkòrò ṣe ń pa kòkòrò, kò sí ẹni tí yóò mọ èwo ló ń pa èwo. Kí wọ́n pe aláǹtakùn ní aláǹtakùn, kí wọ́n pe bakitéríà ní bakitéríà.