Ìlera Ọkàn Nínú Ilé: Láti Orí Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ Títí Dé Ọjọ́ Ogbó



Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin àgbà wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ara, tó sì dá ọkàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Nígbà tí a bá dárúkọ ìlera àti ìmọ́tótó, ara ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: ọwọ́ fífọ̀, omi mímọ́, ẹ̀fọn, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ọkàn. Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: àárẹ̀ ọkàn máa ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé bí ọjọ́ orí ṣe ń yí, àwọn ará ilé ló sì máa ń kọ́kọ́ rí i. Bí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n ń rí, wọ́n á tètè wá ìtọ́jú. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á pè é ní ọ̀lẹ, ìwà burúkú tàbí àìgbàgbọ́, àìsàn náà á sì máa ta gbòǹgbò.

Ìbànújẹ́ kì í ṣe àmì àìgbàgbọ́

Súrà Yūsuf, āyà 84, sọ fún wa pé ojú Ànábì Yaʿqūb funfun nítorí ìbànújẹ́ lórí ọmọ rẹ̀. Súrà Maryam, āyà 23, sọ pé nígbà tí ìrọbí mú Maryam, ó ní ó wu òun kí òun ti kú ṣáájú ọjọ́ náà. Ta ni nínú wa tó lè sọ pé àwọn méjèèjì kò nígbàgbọ́? Ẹ tún wo ohun tí Ọlọ́hun ṣe fún Maryam nínú àwọn āyà tó tẹ̀ lé e. Kò bá a wí. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ló kọ́kọ́ dé bá a, lẹ́yìn náà omi mímu àti dàbínù tútù. Ìtọ́jú ọkàn àti ìtọ́jú ara jọ rìn pọ̀.

Nínú hádíìsì tí Usāmah ọmọ Sharīk gbà wá, tó wà nínú àkójọ Abū Dāwūd àti Tirmidhī, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé kí á máa wá ìtọ́jú, nítorí kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò fún ní ìwòsàn, àyàfi ogbó. Kò yọ àìsàn ọpọlọ sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ náà mọ èyí. Abū Zayd al-Balkhī, tó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó ya ìbànújẹ́ sí oríṣi méjì: èyí tí a mọ ìdí rẹ̀, bí ikú ẹni ẹni tàbí òfò ọjà, àti èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ó ní ti èkejì yìí lè ti inú ara wá, kí á sì lo oògùn sí i. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí Mùsùlùmí ti ń kọ irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀.

Abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ

Ọmọ dé, ilé kún fún àlejò, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ń sunkún nínú yàrá. Láti bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ abiyamọ máa ń sunkún láìnídìí. Èyí sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí ìyá bá rí oúnjẹ jẹ, tó rí oorun sùn, tí ẹnì kan sì ń bá a gbé ọmọ lóru.

Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò lè sùn kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, tí ọmọ kò wù ú wò, tó ń sọ pé òun kò yẹ ní ìyá, àìsàn ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí 13 nínú 100 abiyamọ ló máa ń ní àìsàn ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 nínú 100 ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Láti ọdún 1987 ni ìbéèrè mẹ́wàá kan ti wà tí nọ́ọ̀sì lè bi abiyamọ nípa ọjọ́ méje tó kọjá. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ ní kí wọ́n béèrè bí ìyá náà ṣe ń ṣe.

Ìkan tún wà tó le jù: obìnrin tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe tòun, tí kò sùn rárá. Bí ẹnì kan sí méjì nínú 1,000 abiyamọ ló máa ń ṣe, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ẹ rántí pé abiyamọ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kì í kírun. Ẹni tó ti mọ́ lára láti fi ìrun tu ọkàn rẹ̀ lè rò pé Ọlọ́hun ti jìnnà sí òun. Kí ọkọ rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ rán an létí pé àdúà àti ìrántí Ọlọ́hun ṣì wà fún un.

Ọ̀dọ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọ̀kan nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19 ló ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Nínú ọmọ, ìrẹ̀wẹ̀sì kì í fìgbà gbogbo jọ ìbànújẹ́. Ó lè jọ ìbínú, àìfẹ́ lọ sí ilé-kéwú, ẹ̀kọ́ tó ń fà sẹ́yìn, tàbí ilẹ̀kùn tó ń wà ní títì látàárọ̀ dalẹ́. Kí bàbá tó mú pàṣán, kó kọ́kọ́ jókòó béèrè.

Àwọn ọmọ kan ń fi tramadol tàbí omi ikọ́ tó ní kódíìnì pa ìrora ọkàn. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lórí oògùn olóró ní Nàìjíríà fi hàn pé bí 14.4 nínú 100 ènìyàn láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní 2018 ni ìjọba fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkódíìnì àti kíkó o wọlé, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè wo ohun tó ń dun ọmọ.

Ìkan tún wà tí àwa ará mọ́sálásí gbọ́dọ̀ mọ̀: wáswásì. Ọ̀dọ́ kan á ṣe àlùwàlá ní ìgbà mẹ́jọ, á fọ ọwọ́ títí yóò fi bó, á tún kábárà títí tí ìrun yóò fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn kan á máa yìn ín pé ó mọ́ tónítóní, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́hun. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni. Òfin ẹ̀sìn wa ni pé iyèméjì kì í lé ìdánilójú lọ: ẹni tó ti mọ̀ pé òun ṣe àlùwàlá kò ní tún un ṣe nítorí iyèméjì. Kí Ààfáà kọ́ ọ ní èyí, kí dókítà náà sì rí i.

Bàbá àti ìyá tó ń ṣe làálàá

Yorùbá púpọ̀ kì í sọ pé ọkàn ń ro àwọn. Wọ́n á ní orí àwọn ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú agbárí, pé àyà àwọn ń já, pé oorun kò kùn àwọn. Òde orí ni àwọn àgbà ń pe irú rẹ̀. Ní ọdún 1987, Dókítà Roger Makanjuola tẹ ìwádìí jáde lórí òde orí láàárín àwọn aláìsàn Yorùbá, ó sì rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ilé oògùn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ara bá ń dun yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun àti oúnjẹ yí padà, tí ohun tó máa ń wù yín kò wù yín mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá yín wò, kí ẹ sì sọ ti ọkàn fún dókítà pẹ̀lú.

Àwọn àgbà

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú wọn, lọ bá àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Àbájáde wọn, tó jáde ní 2007, fi hàn pé bí 7 nínú 100 ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì tó le láàárín ọdún kan, àti pé bí 26 nínú 100 ló ti ní i rí láyé wọn. Nítorí náà, bí Ìyá àgbà bá ń kọ oúnjẹ, tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀, tó ń sọ pé kí Ọlọ́hun wá mú òun lọ, ẹ má sọ pé ogbó ló ń ṣe é. Ogbó kì í ba ènìyàn lọ́kàn jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Opó tó wà nínú ìdà oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú. Ìdà kò ní kó má lọ sí ilé ìwòsàn nígbà àìsàn. Ẹ bá a jókòó, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ẹ rí i pé ó ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ lórí oògùn

Ibí yìí ni iṣẹ́ mi gan-an.

1. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ọ̀pọ̀ ló ń dá a dúró ní ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

2. Bí ara bá yá, ẹ má dá a dúró. Ó kéré tán, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìgbà tí ara ti yá ni dókítà sábà máa ń ní kí á lò ó, kó tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá jáwọ́ lójijì lè rí òòyì, àìróorunsùn, kí àìsàn náà sì padà.

3. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì yàtọ̀ sí oògùn oorun. Diazepam àti bromazepam lè di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì lè mú kí àgbà ṣubú. Ẹ má rà wọ́n láìsí ìwé dókítà.

4. Abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú ṣì lè lo oògùn. Dókítà mọ èyí tó bá a mu.

5. Nígbà ààwẹ̀, oògùn tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ lè bọ́ sí ìgbà sààrì tàbí ìṣínu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo lithium gbọ́dọ̀ rí dókítà kí Ràmàdáánì tó dé, nítorí bí omi ara bá dín kù, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súrà Baqarah, āyà 184 àti 185. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtìjú lé aláìsàn sínú ewu.

Rúkíà àti ilé ìwòsàn

Kò sí ìjà láàárín méjèèjì. Ẹ ka Kùránì lé aláìsàn lórí, ẹ sì fún un ní oògùn rẹ̀ lásìkò. Ohun tí a ń kọ̀ ni kí wọ́n so ènìyàn mọ́lẹ̀, kí wọ́n nà án, kí wọ́n febi pa á nítorí àlùjànnú, tàbí kí wọ́n ní kó da oògùn nù.

Ilé wa ni ẹ̀rí tó lágbára ti wá. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò. Dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́lé, ó ṣètò kí wọ́n máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn gbé. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán, wọ́n á padà sí abúlé nírọ̀lẹ́. Ẹbí wà lára ìtọ́jú náà, àgbáyé sì wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mọ́sálásí náà lè ṣe tirẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa tẹ́tí sí ẹni tí ìrònú pọ̀ fún, kí wọ́n sì bá a wá ọ̀nà sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí 14 nínú 100 àwọn tó bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ló ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì, nígbà tí ó jẹ́ 50 nínú 100 láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá asalátù wa kò kéré sí wọn. Bí a bá wá ẹni tó máa kọ́ wọn, tí wọ́n sì mọ àṣírí bò, iṣẹ́ yìí á rọrùn fún wọn.

Èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi di ọ̀la

Bí ẹnì kan bá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, tó ń pín ẹrù rẹ̀, tó ń dágbére, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi iná jàhánnámà halẹ̀ mọ́ ọn. A mọ ìdájọ́ ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n aláìsàn ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti àjẹkù oògùn kúrò nílẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Arò àti ní Yábàá, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Ta ni nínú ilé wa tí ìwà rẹ̀ ti yí padà fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí a kò tíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?
2. Orúkọ wo ni à ń pe aláìsàn ọpọlọ níwájú àwọn ọmọ wa? Bí ọmọ wa bá ní i lọ́la, ṣé á lè sọ fún wa?
3. Oògùn wo ló wà nínú ilé tó yẹ kí á tì pa?

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kó fi ìbàlẹ̀ ọkàn sínú ilé wa, kó má jẹ̀ẹ́ kí a ṣe aláìbìkítà sí ara wa. Āmīn.