Odò Tí A Bò Mọ́lẹ̀ Kò Kú

Ẹni tí ó bá ti abúlé wá sí Múṣin, Yábàá tàbí Sùúrùlérè lè rìn kọjá lórí omi láìmọ̀. Omi agbègbè wọ̀nyí ń gba inú kánààlì tí a fi kọ́ńkéré ṣe. Ní ibòmíràn ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ní ibòmíràn ó ń gba abẹ́ títì kọjá lọ sí ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà lè máà ju kókósẹ̀ lọ. Èyí ni í máa tan àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ wọlé lọ wo ibi tí ó já sí.

Ewu mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, òjò tí ó rọ̀ lókè odò a máa dé bá ẹni tí kò rí i lójijì, kò sì sí bèbè tí yóò gùn. Èkejì, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí jíjẹrà lè pa ènìyàn láìpariwo. Ẹ̀kẹta, pàǹtí lè dí ọ̀nà àbájáde.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo odò Fleet mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí yóò wọ irú ihò bẹ́ẹ̀ a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wò, a bojú wo ọ̀run, ẹnìkejì rẹ̀ a sì dúró lẹ́nu ihò.

Ẹ rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn. Ilé àti pàǹtí há a láyè. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1980, ó ya wọ ìlú, ó sì pa ju 200 ènìyàn lọ.

Bí ọmọ bá ń lọ lo ìsinmi ní Èkó, kí òbí kìlọ̀ fún un: bọ́ọ̀lù tí ó bá bọ́ sínú ihò náà, kí ó fi sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ṣeé rà. Ẹ̀mí kò ṣeé rà.